Àgbẹ̀ Tó Ti Gbìn Tán Tó Wá Ń Wojú Ọ̀run

Tí ẹ bá ní kí n mú ibì kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé àwọn Hindu tí ọ̀rọ̀ kádàrá ti yé mi jù, mi ò ní mú ibi tí òrìṣà kankan ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ obìnrin kan tínú ń bí ni mo máa mú yín lọ. Draupadi lorúkọ ẹ̀. Inú Mahabharata ló wà, ìtàn gígùn ilẹ̀ Íńdíà yẹn tó jẹ́ pé Bhagavad Gita tí gbogbo èèyàn ń sọ, apá kan péré ni nínú ẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò márùn-ún ló fẹ́ ẹ, Yudhishthira tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n pátápátá ló wà lórí oyè, òun ló wá jókòó ti tẹ́tẹ́ pẹ̀lú àwọn ìbátan ẹ̀ tó ń jowú ẹ̀, ó fi owó ta á, owó lọ, ó fi ìlú ta á, ìlú lọ, ó fi àwọn àbúrò ẹ̀ ta á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ara ẹ̀ ta á, nígbà tí kò sí nǹkan kan nílẹ̀ mọ́ ó fi ìyàwó ta á. Wọ́n fi irun wọ́ obìnrin yẹn wọ gbọ̀ngán, àwọn àgbà tó yẹ kó gbèjà ẹ̀ ń wolẹ̀, àfi ẹnì kan méjì tó lanu. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí ni pé kí gbogbo wọn lọ gbé inú igbó fún ọdún 12, kí wọ́n fi ọdún kẹtàlá sá pamọ́.

Nínú igbó tí wọ́n ń pè ní Dvaita ló ti kojú ọkọ ẹ̀ yìí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ń wo ọba tó máa ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì olówó iyebíye tó wá ń sùn lórí koríko, ó ní ṣé bó o ṣe máa jókòó nìyẹn? Inú ń bí i débi pé ó kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run fúnra ẹ̀, ó ní àwa èèyàn, bí ère onígi tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́wọ́ mọ́ lẹ́sẹ̀ la rí, ibi tí ẹni tó di okùn mú bá fà wá sí là ń lọ. Yudhishthira dá a lóhùn, ó ní irú ọ̀rọ̀ yẹn kò dáa, ó ní òun kì í hùwà rere torí kí òun lè jèrè, ẹni tó bá ń fún ìwà rere bí ẹni fún wàrà màlúù, oníṣòwò ni. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn o, èèyàn gidi lọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n kò tí ì dáhùn ìbéèrè ìyàwó ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ náà sì mọ̀.

Ló bá tún bẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó ti fi ọ̀rọ̀ ère sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gbójú lé kádàrá nìkan tó wá dùbúlẹ̀ gbalaja, bí ìkòkò amọ̀ tí wọn ò tíì sun ló ṣe máa yọ́ dànù nínú omi. Ó ní àwọn nǹkan kan wà tó kàn ń ṣèèṣì báni, àwọn kan wà tí àwọn òrìṣà yàn fúnni, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni lèèyàn fi wá a rí. Ó ní òróró wà nínú yànmọ̀tí, wàrà wà lára màlúù, iná wà nínú igi, ṣùgbọ́n èèyàn ló ń ronú ọ̀nà tó máa gbà yọ ọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ti àgbẹ̀. Àgbẹ̀ fi ohun ìtúlẹ̀ ya ilẹ̀, ó gbin irúgbìn, ó wá dákẹ́ jókòó, ó kù sọ́wọ́ òjò. Tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn àgbẹ̀ yẹn, á sọ fún ara ẹ̀ pé ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe lèmi náà ṣe, bí kò bá wá bọ́ sí i, èmi kọ́. Ohun tó jẹ́ kí ibẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára ni pé ó sọ ibi tó ti gbọ́ ọ: ó ní bàbá òun ló gba alufa ọlọ́gbọ́n kan sínú ilé, tó ń kọ́ àwọn arákùnrin òun, òun kàn jáde wá pẹ̀lú iṣẹ́ tí òun ń ṣe lọ́wọ́ ni, òun wá jókòó sórí itan bàbá òun, òun ń gbọ́. Ẹ̀kọ́ tí wọn ò pè é sí ló di ohun tó gbá mú nígbà tí gbogbo nǹkan bà jẹ́.

Ọmọ àgbẹ̀ lèmi náà, Òkè-Ògùn la ti ń gbin àgbàdo. Mo mọ ọdún tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí gbogbo èèyàn gbìn, àgbàdo dé orúnkún, òjò bá dá. Ewé ẹ̀ á ká jọ lọ́sàn-án, á tún tú díẹ̀ ní àárọ̀ torí ìrì, títí tí kò fi tú mọ́. Àwọn èèyàn ń sọ pé orí bàbá mi ni, àwọn míì ní ayé ni, bẹ́ẹ̀ oko tiwọn náà ń gbẹ níbẹ̀ o. Bàbá mi ò dá wọn lóhùn, ó wọnú oko lọ wo àwọn ẹ̀gẹ́ ẹ̀ torí ẹ̀gẹ́ máa ń fara da ọ̀dá díẹ̀, ó ń ro ó lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò gbọ́ kó bú ara ẹ̀, mi ò sì gbọ́ kó bú Ọlọ́run.

Ohun tí mo wá fẹ́ sọ gan-an rèé, mo sì gbà á gbọ́ dọ́kàn: ọ̀rọ̀ kádàrá ní àsìkò tó yẹ kó jáde lẹ́nu. Ẹ wo àgbẹ̀ Draupadi yẹn, kò dárúkọ òjò kó tó túlẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti ṣe tiẹ̀ tán ló tó sọ pé ó kù sọ́wọ́ òkè, ìgbà yẹn ọ̀rọ̀ náà á tù ú lára, á jẹ́ kó rí oorun sùn. Tó bá jẹ́ kó tó mú ohun ìtúlẹ̀ ló ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà yẹn máa di májèlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ akitiyan, ara ẹni lèèyàn ń sọ ọ́ fún, lówùúrọ̀, kó tó jáde nílé. Èèyàn kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí oko ẹ̀ gbẹ pé ìwọ ni o ò ṣiṣẹ́ tó.

Mo sọ èyí torí pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Hindu fúnra wọn ò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá, ẹni tó bá sọ fún yín pé gbogbo Hindu gbà pé ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀, kò ì ka ìwé wọn. Nínú ìwé wọn kan tó ń jẹ́ Yoga Vasistha, ọmọ ọba Rama tí gbogbo nǹkan sú ló jókòó síwájú olùkọ́ ẹ̀, olùkọ́ yẹn sì sọ fún un láìfi bò pé ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní daiva, ìyẹn kádàrá, kò sí nǹkan kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni láti ẹ̀yìn wá. Ó ní iṣẹ́ àná àti iṣẹ́ òní, bí àgbò méjì tó ń kàn ni wọ́n rí, èyí tó bá lágbára jù ló máa borí, tòní sì lè borí tàná. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gbéni dìde o, mo ti kà á láwọn àárọ̀ tí mi ò fẹ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn olùkọ́ Vedanta, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Hindu, ní tiwọn á fi ọfà ṣàpèjúwe: iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá tó ṣì wà nílẹ̀ dà bí ọfà inú apó, èyí tí à ń ṣe lọ́wọ́ dà bí ọfà tó wà lórí ọrun tá a ṣì lè darí ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bí ayé tá a wà yìí, tí wọ́n ń pè ní prarabdha, ti kúrò lọ́wọ́ tafàtafà, ó di ibi tó bá balẹ̀ sí.

Gita fúnra ẹ̀ wá sọ tiẹ̀ ní orí ìkejìdínlógún, ibẹ̀ ni mo sì dúró sí jù. Krishna tí àwọn Hindu ń sìn bí Ọlọ́run, tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ní nǹkan márùn-ún ló ń para pọ̀ kí iṣẹ́ kankan tó wáyé: ara tí wọ́n fi ń ṣe é, ẹni tó ń ṣe é, àwọn ohun èlò, oríṣiríṣi akitiyan, ìkarùn-ún ni daiva. Ìkarùn-ún o. Kò yọ ọ́ kúrò, kò sì gbé e síwájú. Àwa náà kúkú mọ irú ẹ̀, orí tí kò bá ní ẹsẹ̀, ta ni yóò gbé e débi tó ń lọ?

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dùn mí, mi ò sì lè fò ó. Tí gbogbo ìyà tó ń jẹni bá jẹ́ èrè iṣẹ́ ayé tá a ti gbé kọjá, a jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bí sínú ìyà, òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ fà á. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, ó wà nínú Chandogya Upanishad, ọ̀kan nínú àwọn ìwé mímọ́ wọn àtijọ́, pé ẹni tí ìwà ẹ̀ dáa á bọ́ sínú ikùn tó dáa, ẹni tí ìwà ẹ̀ bàjẹ́ á bọ́ sínú ikùn ajá tàbí ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti àwọn chandala tí wọ́n kà sí ẹni ìtanù. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi de àìmọye èèyàn mọ́lẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún pé ẹ má wọ tẹ́ńpìlì, ẹ má fọwọ́ kan kànga wa. B. R. Ambedkar, tí wọ́n bí lọ́dún 1891 sínú àwọn Mahar tí wọ́n ń pè ní aláìṣeéfọwọ́kàn, ó kàwé títí dé Yunifásítì Columbia ní New York, nígbà tó padà délé wọn ò tíì kà á sí èèyàn. Ní March 1927 ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ sí Mahad, wọ́n lọ síbi adágún omi ìlú tí òfin ti ní kí gbogbo èèyàn máa lò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ bu omi, ó mu ún. Omi lásán. Àwọn onílùú lù wọ́n nítorí ẹ̀. Ní December ọdún yẹn náà wọ́n dáná sun Manusmriti, ìwé òfin tó gbé ètò ẹ̀yà yẹn ró. Òun ló padà wá jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé òfin ilẹ̀ Íńdíà, nígbà tó sì di October 1956 ó kúrò nínú ẹ̀sìn Hindu pátápátá, ó di ẹlẹ́sìn Buddha ní Nagpur pẹ̀lú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn lẹ́yìn ẹ̀. Mi ò rí bí mo ṣe lè ka ọ̀rọ̀ kádàrá nínú ìwé Hindu kí n má ka Ambedkar tì í. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó gbà gẹ́gẹ́ bí èrè ayé àtẹ̀yìnwá, ó wò ó, ó rí i pé ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, eré àtijọ́ kan wà tí wọ́n kọ ní Sanskrit, níbi tí wọ́n ti ń bú Karna, jagunjagun inú Mahabharata tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ọmọ awakọ̀ ogun, pé ta ni bàbá ẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé ilé tí wọ́n bí mi sí wà lọ́wọ́ kádàrá, ṣùgbọ́n akọni tí mo jẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo dìde dúró.

Ní Leicester tí mò ń gbé báyìí, àwọn ará Gujarat pọ̀ lápá Belgrave ju àwa lọ, òórùn tùràrí wọn àti ti àkàrà dídín wọn ló máa kọ́kọ́ pàdé yín tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Màmá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ba, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà lédè wọn nìyẹn, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kí wọn ní Jai Shri Krishna, wọ́n á dá mi lóhùn, wọ́n á pè mí ní beta, ọmọ mi, wọ́n á wá di thepla, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, sínú fọ́ìlì fún mi. Kampala ni àwọn àti ọkọ wọn ti ń ta aṣọ. Ní August 1972 Idi Amin fún àwọn ará Éṣíà tó ń gbé Uganda ní 90 ọjọ́ kí wọ́n kó jáde. Ìgbìmọ̀ ìlú Leicester nígbà yẹn tilẹ̀ sanwó fún ìpolówó nínú ìwé ìròyìn Uganda pé kí wọ́n má wá sí Leicester, ìlú ti kún. Wọ́n wá ṣá. Ba ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun ìbọ̀sẹ̀ títí tí ojú wọn fi ń ṣe bàìbàì.

Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan, mo ní Ba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka Gita láràárọ̀ yìí, ṣé ẹ gbà pé iṣẹ́ ayé àtẹ̀yìnwá ló fà á tẹ́ ẹ fi pàdánù ṣọ́ọ̀bù? Wọ́n ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́, wọn ò dúró. Wọ́n ní, "Beta, mi ò mọ̀. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, òtútù sì ń mú wọn. Ẹ̀wù òtútù ni mò ń wá." Wọ́n pò ó díẹ̀ sí i, wọ́n wá ní ìgbà tí àwọn ọmọ ti dàgbà tán ni àwọn tó jókòó ronú pé bóyá Ọlọ́run ní ìdí. Mi ò tíì rí ọ̀mọ̀wé kankan tó tò ó lẹ́sẹẹsẹ tó báyẹn, ẹ̀wù òtútù ṣáájú, ìdí tẹ̀ lé e.

Nípa ti kí ọkàn dúró lójú kan, ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń ṣi Gita gbọ́ jù. Ẹ rántí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ náà: pápá Kurukshetra, ìyẹn wà ní ìpínlẹ̀ Haryana lónìí, ọmọ ogun lápá ọ̀tún lápá òsì, Arjuna àbúrò Yudhishthira ti ju ọrun ẹ̀ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ogun torí pé àwọn olùkọ́ ẹ̀ àti àwọn ìbátan ẹ̀ ló dúró sí ọ̀hún. Krishna tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọdé Hindu mọ̀ yẹn fún un: iṣẹ́ nìkan lo ní ẹ̀tọ́ sí, o ò ní ẹ̀tọ́ sí èso ẹ̀ láéláé, má torí èso ṣiṣẹ́, má sì fara mọ́ àìṣiṣẹ́. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ló ní kó ṣiṣẹ́ náà kí ó sì wà bákan náà bó yọrí sí rere bí kò yọrí sí rere, ó ní ìdọ́gba ọkàn yẹn gan-an là ń pè ní yóga. Ẹ wò ó dáadáa, kò sọ pé kó máà fẹ́ kí iṣẹ́ yọrí sí rere. Tafàtafà tí kò bìkítà bóyá ọfà ẹ̀ bà, kì í ṣe tafàtafà. Ohun tó ní kó fi sílẹ̀ ni kó máa fi èso díwọ̀n ara ẹ̀.

Arjuna béèrè ìbéèrè kan níbẹ̀ tó jẹ́ ìbéèrè èèyàn bíi tiwa, kò béèrè pé kí ni ìtumọ̀ ẹ̀, ó ní ẹni tí ọkàn ẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe ń sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe ń jókòó, báwo ló ṣe ń rìn? Ẹsẹ 19 lápapọ̀ ni ìbéèrè náà àti ìdáhùn ẹ̀, láti ibẹ̀ dé ìparí orí kejì, àwọn ni wọ́n ń kà níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́ nínú àgọ́ Gandhi. Gandhi túmọ̀ Gita sí èdè Gujarati, ọdún 1930 tó fẹsẹ̀ rìn láti Sabarmati lọ sí Dandi létíkun torí owó orí iyọ̀ náà ló jáde. Ẹni tó ń ka ẹsẹ wọ̀nyẹn lálẹ́ ló ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn yẹn lójúmọmọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ẹni tí ọkàn ẹ̀ dúró kì í sunkún. Ní ọjọ́ kẹtàlá ogun náà, wọ́n ká Abhimanyu, ọmọ Arjuna, mọ́ àárín, ọ̀pọ̀ àgbà jagunjagun ló dà bo ọmọdé kan ṣoṣo, wọ́n pa á. Nígbà tí Arjuna délé tó gbọ́, Arjuna tó ti gbọ́ gbogbo Gita láti ẹnu Krishna fúnra ẹ̀, ó sunkún, ẹsẹ̀ ò gbà á, ó ń béèrè pé ta ló wà níbẹ̀ tí wọn ò gba ọmọ mi sílẹ̀. Ó búra pé kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀ òun máa pa Jayadratha tó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó fẹ́ gba ọmọ náà sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á bọ́ sínú iná. Ṣé ibi tí ọkàn dúró lójú kan nìyẹn? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo sì máa ń dúpẹ́ pé àwọn tó tọ́jú ìtàn yẹn fún wa ò yọ ẹkún yẹn kúrò.

Arjuna fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọkàn yìí, bí ẹní fẹ́ mú afẹ́fẹ́ dání ni. Krishna ò bá a jiyàn, ó ní òótọ́ ni, ó le, ṣùgbọ́n àṣetúnṣe ló ń mú un. Àṣetúnṣe! Èyí ló jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ so pọ̀ lójú mi, pé ìbalẹ̀ ọkàn yẹn náà, iṣẹ́ ni, kì í ṣe àbínibí tí wọ́n yàn fún àwọn kan tí wọ́n fi du àwọn kan. Ba máa ń ka orí kan náà láràárọ̀, wọ́n ní tí ó bá fi máa di ìgbà tí àwọn bá ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó ti ń fò lọ lórí àwọn.

Ó ṣe Arjuna náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun ti parí, tí ìlú ti tòrò, òun àti Krishna jọ ń gbafẹ́ nínú ààfin, ó wá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yẹn tó o bá mi sọ lójú ogun lọ́jọ́sí, gbogbo ẹ̀ ti jáde lórí mi, jọ̀ọ́ tún un sọ. Inú Krishna ò dùn rárá, ó sọ ọ́ sí i lójú, ó ní òun ò lè rí i sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíì, ó ń fi ìtàn àwọn alufa àtijọ́ ṣàlàyé fún un. Orí 18 ló wà nínú Gita, ẹ̀kọ́ kejì tó kọ́ ọ yìí, tí wọ́n ń pè ní Anugita, orí 36 ló wà nínú ẹ̀.